Àjáh sí Ìlọrin: ìṣẹ́jú 50 ni tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sọ, ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì Àjáh

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí èmi àti àbúrò mi má baà bínú síra wa. Yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ń bọ̀ ní Ìlọrin, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jímọ̀ la fẹ́ gbéra. Ìyá wa ń bá wa lọ. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Tí wọ́n bá jókòó pẹ́, dídìde á di iṣẹ́. Àbúrò mi ní mọ́tò ni ká wọ̀, pé wákàtí márùn-ún péré ni. Èmi lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìṣẹ́jú 50 ni mo rí níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí màá fi gbé arúgbó jókòó fún wákàtí márùn-ún?

Ohun tó tún wá rú mi lójú ni pé ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kílómítà 243 ni Èkó sí Ìlọrin, ibòmíràn ní 300. Ṣé Ìlọrin méjì ló wà ni?

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Ìyá Ìbejì, ìṣẹ́jú 50 kẹ̀! Láàárọ̀ Jímọ̀, ìṣẹ́jú 50 lè má tíì mú yín kọjá Chevron. Mo ti gbé Sangotedo rí, mo mọ ohun tí ojú mi rí kí n tó sá wá sí Mainland.

Tísà Yábàá

Ìlọrin kan ṣoṣo ló wà, nọ́ńbà méjèèjì sì jóòótọ́. 243 yẹn, bí ẹyẹ ṣe ń fò ni, láti pápákọ̀ Ìkẹjà sí pápákọ̀ Ìlọrin láìyà síbì kankan. 300 jẹ́ ti ojú títì, torí títì kì í lọ gbọọrọ. Ó ní láti kí Ìbàdàn, kó kí Ọ̀yọ́, kó tún yà kí Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó dé.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó mú bírò. Pápákọ̀ Ìkẹjà wà ní dígírì 6.58 sí àríwá àti 3.32 sí ìlà-oòrùn. Ti Ìlọrin wà ní 8.44 àti 4.49. Dígírì kan sí àríwá jẹ́ kílómítà 111. Sí ìlà-oòrùn, lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nǹkan bíi 110. Ẹ yọ ti Ìkẹjà kúrò nínú ti Ìlọrin, kí ẹ sọ ọ́ di kílómítà: àríwá á fún yín ní bíi 206, ìlà-oòrùn á fún yín ní bíi 129. Ẹ wá fi ti Pythagoras tí wọ́n nà yín lé lórí nílé ìwé ṣe ìyókù. 243 ló máa bọ́ síta.

Àwọn ìkànnì kan tún máa ń wọ̀n ọ́n láti àárín ìlú sí àárín ìlú. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé àárín Ìlọrin, ó máa tó bíi 260. Nítorí náà tí ẹ bá rí nọ́ńbà kẹta, ẹ má pariwo.

Ìyá Ìbejì Àjáh

Tísà, ẹ ṣeun. Wọ́n nà mí lé Pythagoras lóòótọ́ o, kò sì yé mi títí dòní. Àmọ́ tó bá jẹ́ 243, tí bàálù sì ń sá eré tí wọ́n ní ó ń sá, kí ló dé tó fi máa gba ìṣẹ́jú 50? Ọkọ mi ní kó tó ogún ìṣẹ́jú ló yẹ kó gbà.

Ará Pápákọ̀

Ẹ jẹ́ n dá sí èyí, torí níbẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kó ẹrù sínú bàálù ní Ìkẹjà.

Ìṣẹ́jú 50 tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìgbà tí bàálù fi wà lókè. Ẹ ti rí àwọn rọ́bà tàbí igi tí a máa ń há sí táyà bàálù kó má baà yí? Ìgbà tí a bá ti yọ ìyẹn ni wọ́n ti ń ka àkókò, títí wọ́n á fi tún há òmíràn sí i ní Ìlọrin. Láàárín ìyẹn, bàálù á rọra wọ́ lọ sí ìdí rọ́nwéè, á tò sẹ́yìn àwọn tó ṣáájú. Tí bàálù mẹ́ta bá wà níwájú yín, tí òmíràn tún ń bọ̀ wá balẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ kí táyà tó kúrò nílẹ̀.

Èkejì: èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, apá òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, bàálù sì gbọ́dọ̀ kọjú sí atẹ́gùn kó tó gbéra. Àríwá ni Ìlọrin wà, àmọ́ gúúsù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé yín lọ. Òrùlé Ìsọlọ̀ lẹ máa rí lábẹ́ yín, kó tó wá yí orí padà. Mo ti gbọ́ tí ìyá kan ń pariwo nígbà tí wọ́n padà dé pé òun rò pé wọ́n ń gbé òun lọ Kútọnu. Tí ẹ bá ń bọ̀, apá Agége ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé tààrà, ìdí nìyẹn tí ìpadàbọ̀ fi máa ń yá ju àlọ lọ.

Ẹ̀kẹta ni eré. Bàálù tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fò, irú ATR 72, ń sá bíi kílómítà 500 ní wákàtí kan. Boeing 737 ń sá ju 800. Ọkọ yín fi 243 pín 800 ló ṣe rí ogún ìṣẹ́jú yẹn, kò ṣì í. Ṣùgbọ́n 737 kì í ráyè sá eré yẹn lọ sí Ìlọrin. Kó tó gùnkè tán, ó ti tó àkókò tó yẹ kó máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ronú mọ́tò tó ń rìn ní ẹ̀sítéètì tí wọ́n ti ṣe òkìtì sí ojú títì ní gbogbo ẹnu géètì: ì báà jẹ́ Benz, jíà kejì ló máa lò dé ilé.

Ẹ fi wé Abuja. Ó tó bíi kílómítà 511, ó ju ìlọ́po méjì Ìlọrin lọ, síbẹ̀ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 sí 20 ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń kọ. Gígùnkè kan náà, sísọ̀kalẹ̀ kan náà, wíwọ́ kan náà nílẹ̀. Àárín rẹ̀ nìkan ló gùn.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò mọ̀ pé gúúsù ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ̀ ọ́ ni mo máa ń rí omi, mo kàn rò pé pàìlọ́ọ̀tì fẹ́ fi ọ̀sà hàn wá ni.

Ìyá Ìbejì Àjáh

Ó ti yé mi. Ó kù kan: tí ọkọ̀ bá jẹ́ aago 8:30 àárọ̀, aago mélòó ni kí n kúrò ní Àjáh?

Ará Pápákọ̀

Ẹ gbàgbé aago 8:30. Aago tí wọ́n ń ti káńtà ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ìṣẹ́jú 30 sí 45 ṣáájú ni wọ́n sábà máa ń tì í, wọn kì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sórí táìsì, tó wọ agbádá, bàálù rẹ̀ ṣì wà níta gíláàsì níbi tó ti lè máa wò ó. Wọn ò ṣí i fún un. Pẹ̀lú màmá àgbà, ẹ rí i pé ẹ ti wà lẹ́nu káńtà ní aago 7.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa bóyá Terminal 1 ni tàbí MM2, ilé méjì tí wọ́n ti ń wọ bàálù abẹ́lé. Ìkẹjà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu géètì wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ sáré láti ọ̀kan sí èkejì láàárọ̀, tí wọ́n ń fa báàgì onítáyà lójú títì, ojoojúmọ́ là ń rí wọn.

Nítorí orúnkún màmá, ẹ pe iléeṣẹ́ bàálù náà ṣáájú, kí ẹ ní ẹ ó nílò àga onítáyà. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà. Àga yẹn kò tó nǹkan, ẹni tó ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Kí ẹ tún bi wọ́n ní ìbéèrè kejì tí àwọn èèyàn kì í bi wọ́n: báwo ni wọ́n ṣe máa gbé màmá gun àtẹ̀gùn bàálù? Àga ò lè gun àtẹ̀gùn.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Láti Àjáh dé Ìkẹjà ju kílómítà 40 lọ o. Ẹ gbéra kí ó tó di aago 5. Tí ẹ bá ti dé orí afárá Third Mainland kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti bọ́. Kílómítà 11.8 ni afárá yẹn, mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá rẹ̀ rí, mo sì ti fi wákàtí méjì ààbọ̀ kọjá rẹ̀ rí. Afárá kan náà, mọ́tò kan náà. Nígbà kejì yẹn, gálà mẹ́ta ni mo jẹ lórí ẹ̀, mo sì mọ orúkọ àwọn ọmọ ẹni tó ń tà á kí a tó dé Adékúnlé.

Dérébà Ọ̀jọ́ta

Ẹ kú iṣẹ́. Sienna ni mo ń wà, Ọ̀jọ́ta sí Ìlọrin, ọ̀sẹ̀ wo ni mi ò lọ? Ẹni tó ní wákàtí márùn-ún kò parọ́, kò sì sọ òtítọ́ tán. Láti ibo ló ti ń kà á? Tó bá jẹ́ láti Bérger ni, tí ẹ sì gbéra ní aago 5:30, wákàtí márùn-ún lè gbé yín débẹ̀. Tó bá jẹ́ láti Àjáh ni, ẹ fi wákàtí kan sí méjì lé e, torí gbogbo ohun tí ẹ sá fún láti dé pápákọ̀ náà lẹ máa bá pàdé kí ẹ tó rí Bérger.

Èkó sí Ìbàdàn ti dára báyìí ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Láti 1978 ni wọ́n ti ṣí títì yẹn, ó sì ju kílómítà 120 lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ ìyà lórí ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò burú. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú kan ṣoṣo ni títì àtijọ́ yẹn, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ń pín in, tírélà tó ń gbé ẹrù lọ sókè Ọya sì ń wọ́ níwájú yín bí ìgbín. Ibẹ̀ ni dérébà tí kò ní sùúrù ti máa ń ya tírélà síta láìríwájú. Àwọn bíi tiwa tó ti rí nǹkan, ẹ̀yìn tírélà la máa wà, a ó máa gbọ́ rédíò. Kílómítà 50 péré ni, mo ti lo ju wákàtí méjì lórí ẹ̀ rí.

Ohun tí Google ò ní sọ fún yín: tí Jímọ̀ yín bá bọ́ sí Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ kọjá títì Ìbàdàn láàárọ̀. Tó bá ti di ọ̀sán, àwọn tó ń lọ fún ìsìn òru á ti kún ojú títì láti Bérger dé ọ̀hún.

Nítorí màmá, ìjókòó iwájú ni kí wọ́n jókòó sí, kí a sún un sẹ́yìn dáadáa. Kí dérébà dúró ní Ìbàdàn, kó dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀. Dérébà tó bá ní òun ò lè dúró, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Àbúrò Lọ́yà

Ẹ jẹ́ n fi kinní kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń wọ bàálù. Òfin àjọ NCAA, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, wà fún ìdádúró. Tí bàálù abẹ́lé bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún yín ní ìpápánu àti ohun mímu. Tó bá kọjá wákàtí méjì, tí ẹ kò sì fẹ́ lọ mọ́, ẹ lè gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín padà. Wọn kì í sáré sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì rọra béèrè.

Bàbá Alágọ̀mejì

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ bàálù, ẹ ti sọ̀rọ̀ mọ́tò, kò sí ẹni tó rántí rélùwéè. Èmi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè dákẹ́.

Ọdún 1908 ni irin ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìlọrin, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ bàálù ní ilẹ̀ yìí. Ìddó la ti ń wọ̀ ọ́, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ẹ̀kọ gbígbóná la máa ń rà ní Òṣogbo láti ojú fèrèsé, owó á ti bọ́ sọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ kí rélùwéè tó fẹ́ fèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ò ráyè ìyẹn mọ́.

Àmọ́ ti ìsinsìnyí wà. Láti oṣù kẹfà 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èèyàn láti ibùdó Mobolaji Johnson, ní Alágọ̀mejì níhìn-ín, lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Kílómítà 157 ni. Ó máa ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ẹ wo ibi tí Mọ́níyà wà: òkè Ìbàdàn ni, ó ti kọjá Òjòó. Tí ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, ẹ ti fò gbogbo sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìbàdàn kọjá. Ọkọ̀ Ìlọrin ń bẹ ní Òjòó, bíi kílómítà 150 ló kù. Màmá lè dìde rìn nínú rélùwéè, wọ́n lè na ẹsẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bẹ. Èwo nínú mọ́tò ló ní ìyẹn? Láti Àjáh, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Adékúnlé lórí afárá, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Kò kan Ìkẹjà rárá.

Dérébà Ọ̀jọ́ta

Bàbá, ẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu mi o.

Bàbá Alágọ̀mejì

Kúkú wá dúró sí Mọ́níyà kí o máa gbé wọn níbẹ̀.

Àlàájà Ọmọ Ìlọrin, Agége

Asalaamu alaykum. Gbogbo yín ń gbé èèyàn dé Ìlọrin, ẹ ò gbé e dénú ilé. Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tó yìí tí kò léégún rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ onílé sọ̀rọ̀.

Pápákọ̀ wa kò sí láàárín ìlú. Apá títì Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Ẹni tó ń wọ mọ́tò bọ̀ láti Èkó máa dé agbègbè yẹn kó tó wọ ìlú, nítorí náà ibi tí bàálù á já yín sí àti ibi tí mọ́tò á gbà wọlé kò jìnnà síra wọn. Ẹ sọ fún ẹbí kí wọ́n wá pàdé yín. Bàálù Ìlọrin kò pọ̀ bíi ti Abuja, nítorí náà nígbà tí ọ̀kan bá balẹ̀, gbogbo èrò jọ ń wá takisí pọ̀ ni, iye tí wọ́n bá sì fẹ́ ni wọ́n máa pè.

Ìdí yẹn kan náà ni kí ẹ fi ṣọ́ra: tí wọ́n bá fagi lé bàálù àárọ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì ni òmíràn. Nígbà ọyẹ́, láti December títí wọ February, kùrukùru máa ń dá wọn dúró láàárọ̀. Ẹ má ṣe wọ bàálù àárọ̀ Sátidé lọ síbi yìgì Sátidé. Jímọ̀ tí ẹ mú yẹn dára.

Àmọ́ ti Jímọ̀ náà ní tirẹ̀. Tó bá ti di aago 12 ọ̀sán, ọ̀nà tó lọ sí ààfin Ẹ́míà àti mọ́ṣáláṣí ńlá á ti kún. Àwọn èèyàn á tẹ́ ẹní sójú títì. Tí ilé tí ẹ ń lọ bá wà lápá Gàmbàrí, Ìdí-Àpẹ́ tàbí Ọjà Ọba, ẹ wọlé ṣáájú ìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú mọ́tò ni ẹ ó wà títí wọ́n á fi kírun tán.

Wàrà: ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ dé. Tó bá jẹ́ bàálù lẹ máa bá padà, wàrà tó lómi, ẹ má gbé e lọ́wọ́ wọlé, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò á gbà á. Ojú mi ni wọ́n ti gba kẹ́ẹ̀gì epo pupa lọ́wọ́ arábìnrin kan. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wò ó, bíi pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àjáh

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá. Àbúrò mi ní mọ́tò lòun ń wà lọ, òun á gbé aṣọ ẹbí àti kúlà. A ti jọ ta tẹ́tẹ́: ẹni tó bá pẹ́ dé ló máa ra ẹran ìgbẹ́ fún èkejì. Màá padà wá ròyìn.

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Àbúrò yín ni mo ń bá ṣe.

Ìyá Ìbejì Àjáh

Mo ti dé o, ẹ jókòó. Ìyá ní kí n kọ́kọ́ kí gbogbo yín. Mo kọ gbogbo àkókò sílẹ̀ nítorí Tísà.

A kúrò nílé ní Àjáh ní aago 4:35. Títì dá. Aago 5:50 a ti wà ní Ìkẹjà, ìyá ṣì ń sùn. Mo ti pe wọ́n ṣáájú, àga onítáyà wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tì í ń pe ìyá ní "ìyàwó mi", ìyá ń rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti tán, ìrìn àjò yìí á dáa.

Aago 8:10, wọ́n kéde pé bàálù máa pẹ́. Wọn ò sọ nítorí kí ni, "ọ̀rọ̀ iṣẹ́" nìkan ni wọ́n sọ. Aago 9:30 kọjá, mo rántí Àbúrò Lọ́yà. Mo lọ sí káńtà, mo rọra béèrè ìpápánu. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wo ẹnì kejì rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbé páálí kan jáde, bísíkíìtì kan àti omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jókòó tì mí ní ṣé agbẹjọ́rò ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Aago 9:50 wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjì gbé ìyá gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àga tóóró kan báyìí tó ní bẹ́líìtì. Táyà kúrò nílẹ̀ ní aago 10:04. Gúúsù ló gbé wa lọ lóòótọ́! Mo rí òrùlé, mo rí omi lọ́ọ̀ọ́kán, ìyá dì mí lọ́wọ́ mú pé ibo ni wọ́n ń gbé wa lọ, mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnì kan ti sọ fún mi. Ó yí padà. Wọ́n pín omi ọsàn, mi ò tíì mu tèmi tán tí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì. Táyà kan ilẹ̀ Ìlọrin ní aago 10:38. Ìṣẹ́jú 34.

Ẹ̀gbọ́n wa ló wá pàdé wa. Wọ́n pẹ́ díẹ̀, a sì yà lọ mú alásè kan. Aago 11:35 la wọlé ní Gàmbàrí.

Àbúrò mi wà ní ìloro, ó ti wẹ̀, ó ti wọ jàlàbíà, ó ń jẹ gbẹ̀gìrì. Aago 5:30 ló kúrò nílé rẹ̀ ní Gbàgádà, aago 11:10 ló dé. Kò bá sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kankan àfi ti tírélà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí mi fún owó ẹran.

Tísà Yábàá

Wákàtí méje gééré, nínú èyí tí ìṣẹ́jú 34 jẹ́ ti òfúrufú. Mo máa fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ṣe é: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún?

Ọmọ Ṣùúrùlérè

Kò tó mẹ́sàn-án. Ó ṣe, Ìyá Ìbejì. Ká ní Ìkẹjà lẹ ń gbé ni, tí bàálù ò sì pẹ́, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹran yẹn.

Ìyá Ìbejì Àjáh

Èmi ò kábàámọ̀ o. Ìyá rìn wọlé fúnra wọn, orúnkún ò wú, wọ́n sì jó níbi yìgì. Àbúrò mi tó jẹ ẹran, ọrùn ń dùn ún di Sọ́ńdè.

A jọ wọ mọ́tò rẹ̀ padà nítorí wàrà. A dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, a dúró ní Ìbàdàn bí Dérébà ṣe wí. Síbẹ̀, nígbà tí a dé Bérger, ìyá ò lè dìde, èmi àti àbúrò mi la gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n na ẹsẹ̀.

Bàbá Alágọ̀mejì

Ẹ kú orí ire. Ẹ bá mi bi màmá, ṣé wọ́n ti wọ rélùwéè Ìddó sí Ìlọrin rí?

Ìyá Ìbejì Àjáh

Bàbá, mo bi wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀kọ Òṣogbo tí ẹ ń sọ yẹn, àwọn jẹ ẹ́, àti pé ìyá ẹlẹ́kọ kan jẹ àwọn ní ṣéńjì síbẹ̀ títí dòní. Wọ́n ti ní kí àbúrò mi lọ bá wọn béèrè tíkẹ́ẹ̀tì Mọ́níyà fún ìkómọ.

Dérébà Ọ̀jọ́ta

Ẹ sọ ọjọ́ fún mi. Màá dúró sí Mọ́níyà.